Ibodè ló ń béèrè páásípọ́ọ̀tù, kì í ṣe bàálù

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó fẹ́ wọ bàálù láti Àbújá lọ sí Èkó fún ìgbà àkọ́kọ́ ló máa ń béèrè bóyá àwọn gbọ́dọ̀ ti ní páásípọ́ọ̀tù. Rárá o. Ibodè ni páásípọ́ọ̀tù wà fún. Àbújá sí Maiduguri ju 600 kìlómítà lọ, síbẹ̀ ẹni tó ń lọ kò kúrò ní Nàìjíríà, kò sí òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n tí yóò lu òǹtẹ̀ fún un. Èkó sí Kútọnu ní Bẹ̀nẹ̀ kò ju nǹkan bí 120 kìlómítà, mọ́tò lèèyàn sì máa ń wọ̀ lọ, ṣùgbọ́n tó bá dé ibodè Sẹ̀mẹ̀, wọn yóò ní kó mú ìwé ìrìnnà wá.

Ní pápákọ̀ òfurufú Nnamdi Azikiwe, ilé tí wọ́n ti ń wọ bàálù abẹ́lé yàtọ̀ sí ti òkè òkun, èyí tí wọ́n ṣí ní 2018. Ní ti abẹ́lé, wọ́n kàn fẹ́ mọ̀ pé ẹni tó dúró níwájú wọn ló ni orúkọ tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì ni. Ìwé NIN, káàdì ìdìbò tàbí láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ ti tó. Kí wọ́n sáà rí i pé orúkọ bára mu: ẹni tó jẹ́ Adébáyọ̀ nínú NIN kò gbọ́dọ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì ní Báyọ̀. Páásípọ́ọ̀tù náà ṣeé fi hàn, àmọ́ kí ẹni tó ń lọ ṣe Iléyá nílé fi í sílẹ̀ sínú àpótí rẹ̀ ní Kubwa ló dáa jù. Tó bá sọnù lọ́nà, àfi kó wá ìwé ọlọ́pàá àti ìwé ìbúra ilé ẹjọ́ kó tó gba òmíràn.

Ọ̀rọ̀ Gánà àti Bẹ̀nẹ̀ ló ń ru èèyàn lójú jù. Wọ́n á ní ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ti sọ gbogbo wa di ọ̀kan. Òótọ́ ni pé àdéhùn 1979 gba ọmọ ECOWAS láàyè láti wọ orílẹ̀-èdè ẹgbẹ́ rẹ̀ láìgba físà, kó sì lo 90 ọjọ́. Físà nìkan ni wọ́n yọ kúrò. Físà ni àṣẹ ẹni tí à ń lọ bá; páásípọ́ọ̀tù tàbí ìwé ìrìnnà mìíràn tó bófin mu ni ẹ̀rí ibi tí a ti wá, wọn kò sì yọ ìyẹn. Àdéhùn náà tún béèrè ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára, èyí tí a mọ̀ sí yẹ́lò káàdì. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún oníṣòwò tó ń gba Jibiya ní Katsina tàbí Illela ní Sokoto bọ́ sí Níjẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Níjẹ̀ ti kúrò nínú ECOWAS láti January 2025.

Ẹni tó fẹ́ gba Èkó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè fi NIN wọ bàálù àkọ́kọ́ ní Àbújá. Èkó ni wọn yóò ti lu òǹtẹ̀ sí páásípọ́ọ̀tù rẹ̀. Tó bá jẹ́ Addis Ababa ní Etiópíà ló gbà, Àbújá ni wọn yóò ti lù ú, nítorí ibẹ̀ ló ti fi Nàìjíríà sílẹ̀.

Kí ẹni tó ń lọ sí Mẹ́kà tún wo ọjọ́ tí páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ yóò parí: ó gbọ́dọ̀ ku oṣù mẹ́fà, ó kéré tán. Ọmọ ọwọ́ pàápàá gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, ì báà jẹ́ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló wà títí bàálù fi balẹ̀.