Ibi Tí “Final Gan-an” Ti Wá

Ẹ ṣí fódà iṣẹ́ oníbàárà kan ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé èyíkéyìí ní Ṣómólú, ẹ ó bá wọn níbẹ̀ tí wọ́n tò bí ọmọ ìyá: “Kalenda Mama”, “Kalenda Mama final”, “Kalenda Mama final 2”, “Kalenda Mama final gan-an”, “Kalenda Mama EYI NI KI E TE”. Ẹ bi ẹni tó ṣe é pé èwo ni wọ́n tẹ̀ níkẹyìn, yóò kọ́kọ́ họrí ná. Èmi náà ti gbé “final 2” fún àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ rí, nígbà tó jẹ́ pé “final gan-an” ni ọmọ olóòkú fọwọ́ sí. Igba kàlẹ́ńdà ló jáde pẹ̀lú ọjọ́ orí tí kì í ṣe ti màmá yẹn. Àpò ara mi ni mo fi tún un tẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wádìí ẹni tó kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ kíka ẹ̀dà lé wa lọ́wọ́, torí kò jọ pé tiwa ni.

Ibi méjì ni kọ̀ǹpútà ń gbé iṣẹ́ sí. Inú mẹ́mórì ni iṣẹ́ máa ń wà nígbà tá a bá ń ṣe é lọ́wọ́. Ó yára, àmọ́ bí iná bá ti lọ, ohun tó wà níbẹ̀ náà lọ. Dísíkì ń fà, àmọ́ kì í gbàgbé. Bíi wàláà ọmọ ilé-kéú ni mẹ́mórì rí: ohun tá a fi tàdáwà kọ sí i lónìí, omi ni yóò fọ̀ ọ́ lọ́la, àfi tí ẹnì kan bá ti dà á kọ sórí tákàdá. Dídà á kọ yẹn là ń pè ní séèfù. Ta ló wá yẹ kó máa dà á kọ, ẹ̀rọ ni àbí èèyàn?

Ní 1963, nígbà tí Ivan Sutherland fi Sketchpad, ètò ìyàwòrán kan, gboyè ní yunifásítì MIT, tó ń fi kálámù oníná fa ìlà lójú kọ̀ǹpútà TX-2, téèpù ló ń kó àwòrán rẹ̀ sí. Àmọ́ ẹ̀rọ ńlá inú ilé ìwádìí nìyẹn, kì í ṣe ohun tí ọmọ iṣẹ́ máa dá jókòó tì.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé oògùn àrùn yìí ti wà kí àrùn náà tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 1977 ni ilé-iṣẹ́ Digital ní Amẹ́ríkà kéde kọ̀ǹpútà VAX pẹ̀lú ètò tí wọ́n pè ní VMS. Tí ẹ bá séèfù fáìlì níbẹ̀, VMS kì í pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́. Yóò kàn fi nọ́ńbà sídìí tuntun: LETA.TXT;1, LETA.TXT;2, LETA.TXT;3. Ẹ̀rọ ló ń kà á, kì í ṣe ẹ̀yin. Bí àwọn ògbólógbòó bá pọ̀ jù, àṣẹ kan wà tó ń jẹ́ PURGE, yóò gbá wọn dànù, yóò sì fi èyí tó kẹ́yìn sílẹ̀. Àwọn tó ń kọ prógíráàmù tilẹ̀ ti ṣáájú ìyẹn. Ní 1972 ni Marc Rochkind ṣe ètò SCCS ní ilé ìwádìí Bell Labs, tó ń tọ́jú kìkì ìlà tó yàtọ̀ láàárín ẹ̀dà kan àti èkejì. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ ní ìlà-ìlà ni ìyẹn mọ̀ ọ́n tọ́jú. Nínú fọ́tò ìyá arúgbó tí wọ́n ti tún ojú rẹ̀ ṣe, ìlà wo lẹ fẹ́ nàka sí?

Kí ló dé tí nọ́ńbà VMS yẹn ò fi tẹ̀ lé wa wọlé? Àyè ni. Macintosh tí Apple gbé jáde ní oṣù kìíní ọdún 1984, mẹ́mórì rẹ̀ ò ju 128K lọ (K kan jẹ́ bí àyè ẹgbẹ̀rún lẹ́tà), ojú síkírínì nìkan sì ti jẹ bíi 22K nínú rẹ̀. Àwòrán kan nínú MacPaint, ètò ìyàwòrán tí Bill Atkinson kọ, jẹ́ ẹ̀kán (àmì tín-ín-tín tó ń para pọ̀ di àwòrán) 576 ní ìbú àti 720 ní òró. Ká tó fún un pọ̀, ó tó bíi 51K. Dísíkì pẹlẹbẹ tó ń lò gba 400K péré, ihò kan ṣoṣo ló sì wà tí wọ́n ń kì í bọ̀. Inú 400K yẹn ni ètò ẹ̀rọ náà wà, ibẹ̀ ni MacPaint wà, ibẹ̀ náà ni àwòrán yín máa há sí. Tí ẹ bá fẹ́ kó iṣẹ́ sórí dísíkì mìíràn, ẹ ó yọ èyí, ẹ ó ki ìyẹn bọ̀ ọ́, ẹ̀rọ á tún ní kí ẹ dá ti àkọ́kọ́ padà, títí ọ̀rọ̀ náà á fi sú yín. Ta ló máa ní kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa séèfù fúnra rẹ̀ ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú? Wọ́n kúkú gbé Save síta, wọ́n ní kí ẹni tó ni iṣẹ́ sọ ìgbà tó yẹ.

Apple alára mọ ọ̀nà mìíràn. Lisa, kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti gbé jáde ní 1983, tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì pé kó kú, yóò kọ́kọ́ kó iṣẹ́ yín pamọ́. Tó bá tún jí, yóò tẹ́ wọn síbi tí ẹ fi wọ́n sí. Àmọ́ dọ́là 9,995 ni Lisa, Macintosh sì jẹ́ 2,495. Ẹ̀rọ tó wọ́n kógbá sílé. Ìwà èyí tó pọ́ọ́kú la wá ń hù títí dòní. Kódà dísíkì pẹlẹbẹ rẹ̀ ni àwòrán kékeré onígun mẹ́rin tí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń tẹ̀ láti séèfù. Ọ̀kan nínú wọn ní fíríìjì ni.

Ṣùgbọ́n nígbà tó pẹ́, àwa tá à ń yàwòrán rí i pé àìséèfù náà wúlò. Ẹ ṣí iṣẹ́ oníbàárà, ẹ dán àwọ̀ pupa wò, ẹ gbé orúkọ bàbá sókè, ẹ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ tán, ẹ wá pa á dé, ẹ ní “No”. Iṣẹ́ àná ṣì wà bó ṣe wà. MacPaint tiẹ̀ ní Revert tó ń dá yín padà síbi tí ẹ ti séèfù kẹ́yìn. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo wá ń jẹ́ iṣẹ́ méjì: ó ń sọ pé “má jẹ́ kí èyí sọnù”, ó sì ń sọ pé “èyí ni mo fọwọ́ sí”. Àwọn tó ń ṣe ètò ò rí ìkejì yìí. Ìdí abájọ wàhálà tó tẹ̀ lé e nìyẹn.

Oògùn tí wọ́n kọ́kọ́ gbé wá bá àwa ayàwòrán kò ju ìgbésẹ̀ kan sẹ́yìn lọ. AutoCAD, ètò tí wọ́n fi ń ya àwòrán ilé àti ẹ̀rọ, tó jáde ní ìparí 1982, ń sọ fáìlì tẹ́lẹ̀ di .bak tí ẹ bá séèfù tuntun. CorelDRAW, ètò ìyàwòrán tiwa, dé láti Kánádà ní 1989, òun náà ń ṣe “Backup_of_” síwájú orúkọ fáìlì. Ẹni tó bá ń lo Corel ní Ṣómólú mọ “Backup_of_” bó ṣe mọ orúkọ onílé. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ló kọ́ wa. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í dìde lọ mu omi láìtẹ Ctrl+S, bọ́tìnnì séèfù, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tá, tá, tá, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn àna.

Orúkọ gígùn ńkọ́? Lórí DOS, ètò kọ̀ǹpútà tó ṣáájú Windows, lẹ́tà mẹ́jọ ni orúkọ fáìlì gbà, pẹ̀lú mẹ́ta lẹ́yìn àmì ìdánudúró. KALENDA1.CDR, KALENDA2.CDR, ó parí. Windows 95 ló ní ó lè gùn tó 255. Ìgbà yẹn ni “final gan-an” rí àyè jókòó, tó sì na ẹsẹ̀.

Adobe, ilé-iṣẹ́ tó ni Photoshop tá a fi ń tún fọ́tò ṣe, dá Version Cue sílẹ̀ ní 2003 kó máa bá wa ka ẹ̀dà. Nígbà tí àkójọ ètò wọn tó ń jẹ́ CS5 fi máa dé ní 2010, wọ́n ti sin ín, mi ò sì rí ẹni tó wá kí wọn kú ara fẹ́ra kù. History tí Photoshop mú dé ní 1998, tó ń to ìgbésẹ̀ iṣẹ́ kí ẹ lè padà sẹ́yìn, wúlò ju ìyẹn lọ, àmọ́ pa fáìlì dé báyìí, gbogbo ìtàn náà ti pòórá. Ó di 2012 kí Photoshop tó máa gbìyànjú fúnra rẹ̀ láti gba iṣẹ́ là bó bá kú lójijì.

Ìjà tó gbóná jù ṣẹlẹ̀ ní oṣù keje 2011, nígbà tí Apple gbé Lion, ètò tuntun fún kọ̀ǹpútà Mac, jáde. Àyè ti wá pọ̀ nígbà yẹn, kọ̀ǹpútà wá gba iṣẹ́ náà padà: ó ń séèfù fúnra rẹ̀, ó sì ń tọ́jú àwọn ẹ̀dà àtẹ̀yìnwá. Lójú àwọn tó ṣe é, oore ni. Wọ́n bá yọ Save As, tó ń fi orúkọ mìíràn séèfù iṣẹ́, wọ́n fi Duplicate, tó ń ṣe ẹ̀dà, rọ́pò. Àmọ́ ẹni tó máa ń ṣí iṣẹ́ èṣí, tó máa ń yí orúkọ àti ọjọ́ padà, tó máa wá fi Save As kó o sí ibòmíràn, ṣàdédé rí i pé iṣẹ́ èṣí fúnra rẹ̀ ti yí padà. Ẹ̀rọ ti bá a fọwọ́ sí ohun tí kò tíì fọwọ́ sí. Ariwo sọ. Ọdún kan lẹ́yìn náà, Mountain Lion, ètò tó tẹ̀ lé Lion, dá Save As padà, àmọ́ ẹ̀yìn kọ́kọ́rọ́ Option ni wọ́n fi í pamọ́ sí, bí ẹni dá ẹran ẹlẹ́ran padà lóru.

Figma, ètò tí wọ́n fi ń ya ojú wẹ́bsáìtì, tí Dylan Field àti Evan Wallace dá sílẹ̀, tó ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ayé ní 2016, kò ní Save rárá. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni fáìlì wà, èèyàn púpọ̀ sì lè jọ máa ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ọwọ́ márùn-ún bá wà nínú àwo kan, ta lẹ fẹ́ kó séèfù? Ó ń tọ́jú àwọn ẹ̀dà fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò sanwó máa rí ti ọgbọ̀n ọjọ́ sẹ́yìn. Tí ẹ bá tẹ Ctrl+S, yóò rọra sọ fún yín pé òun ti ń ṣe é.

Adobe tún fọwọ́ kan egbò náà nínú Photoshop ní 2021. Ẹni tó bá fi Save As sọ iṣẹ́ olówe-lówe (tí àwòrán rẹ̀ wà ní ìpele-ìpele lórí ara wọn) di fọ́tò JPEG, ẹ̀dà ló ń ṣe, torí JPEG ò lè gbé owe wọ̀nyẹn. Wọ́n bá kó JPEG lọ sábẹ́ Save a Copy. Lóòótọ́, òtítọ́ ni wọ́n sọ. Ìka àwọn èèyàn ò gbà, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi fi ibì kan sínú ètò náà tí ẹni tó bá fẹ́ lè ti dá ti àtijọ́ padà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ iṣẹ́ mi pè mí kí n wá wo wẹ́bsáìtì tó ń yà sórí Figma. Mo wo ẹ̀gbẹ́ òsì, níbi tó to àwọn ojú ìwé rẹ̀ sí: “Home”, “Home final”, “Home final gan-an”.