Bí òṣèré àti olùdarí ṣe ń pọ̀ ní ìlú kan: Òṣogbo àti àwọn ẹgbẹ́ eré rẹ̀

Bí èèyàn bá ń tọpa ibi tí àwọn àgbà òṣèré Yorùbá ti kọ́ṣẹ́, kò ní pẹ́ tí yóò fi dé Òṣogbo. Ọmọ Òṣogbo ni Dúró Ládiípọ̀. Ọmọ Òṣogbo ni Oyin Adéjọbí. Ọmọ Òkè-Mẹ̀sí ní Èkìtì ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ṣùgbọ́n Òṣogbo ló wá tẹ̀dó sí pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀. Léré Pàímọ́ tí gbogbo ayé ń pè ní Ẹ̀dá Onílé Ọlá, Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí i, ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá Òṣogbo ló ti di òṣèré. Kọ́lá Oyèwọ̀ tó ṣe ọba Lápitẹ́ nínú fíìmù Ṣaworoidẹ, Ọba-Ilé nítòsí Òṣogbo ni wọ́n ti bí i, ọ̀dọ̀ Adéjọbí ló sì ti bẹ̀rẹ̀ ní 1964. Ọ̀dọ̀ Adéjọbí yìí kan náà ni Kareem Adépọ̀jù, Bàbá Wándé, ti lo ọ̀pọ̀ ọdún.

Ohun tó máa ń yá èèyàn lẹ́nu ni pé eré wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ìlú náà. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún gbọ́, àmọ́ kò ṣàlàyé ohunkóhun, nítorí kò sí ìlú Yorùbá tí kò ní eléégún, oníjálá, onílù àti apààlọ́. Ohun tí ìlú kan fi ń ju èkejì lọ ni pé ẹnìkan dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ó ní ilé tí ọmọ iṣẹ́ lè sùn sí, ó ń bọ́ wọn, ó ní ọkọ̀ tó ń gbé wọn kiri. Nígbà tí àwọn ọmọ iṣẹ́ náà sì gbọ́n tán, wọ́n yà lọ dá tiwọn sílẹ̀. Ibi tí èyí bá ti ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, òṣèré yóò pọ̀ níbẹ̀.

Ibi tí Òṣogbo wà náà ràn án lọ́wọ́. Ojú irin tó ti Èkó gba Ìbàdàn kọjá sí Ìlọrin àti Kano gba Òṣogbo kọjá, ó sì sọ ìlú náà di ìlú oníṣòwò. Ẹgbẹ́ eré kò lè jẹun ní ìlú kan ṣoṣo. Ó ní láti máa lọ, kó máa bọ̀. Láti Òṣogbo, ẹgbẹ́ lè mórí lé Ìbàdàn àti Èkó, ó lè gba Èkìtì lọ sí Oǹdó, ó sì lè wọ òkè ọya lọ bá àwọn Yorùbá tó ń ṣòwò ní Kaduna, Jos àti Kano. Ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìwé tún wà. Àwọn olùkọ́ àti akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kọ́kọ́ dá ẹgbẹ́ eré sílẹ̀. Olùkọ́ ni Ògúnmọ́lá, olùkọ́ ni Ládiípọ̀. Wọ́n ti mọ bí a ṣe ń kó ọmọdé jọ, tí a ń kọ́ wọn lórin, tí a sì ń tò wọ́n síwájú èrò.

Ọmọ káténkíìsì ni Ládiípọ̀. Ní 1961 ó kọ orin Àjíǹde fún ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì fi ìlù sí i. Àwọn àgbà ìjọ kọ̀ ọ́, wọ́n ní ìlù abọ̀rìṣà ni. Bó ṣe kó orin náà kúrò nínú ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Ní 1962, òun pẹ̀lú Ulli Beier, òyìnbó ará Jámánì kan, dá Mbari Mbayo sílẹ̀ ní Òṣogbo, ní ibi tó ti jẹ́ ilé ọtí Ládiípọ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì di ibi eré àti ibi àfihàn àwòrán. Eré rẹ̀ Ọba Mọ́rọ̀ jáde ní ọdún yẹn, Ọba Kò So tẹ̀ lé e ní 1963, Ọba Wàjà ní 1964. Wọ́n gbé Ọba Kò So lọ sí Berlin ní 1964, àti sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1965.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wúlò jù fún àlàyé yìí ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó yí Ládiípọ̀ ká. Jimoh Buraimoh, ọmọ Òṣogbo, oníná ẹgbẹ́ ni. Òun ló ń tan iná sí orí ìtàgé. Muraina Oyelami láti Ìrágbìjí ń lùlù, ó sì ń ṣeré. Twins Seven Seven wá gẹ́gẹ́ bí oníjó. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ayàwòrán tí ayé mọ̀. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, inú rẹ̀ sì ni oníná ti di ayàwòrán, tí onílù di òṣèré, tí Oyelami tún wá di olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀. Bí àǹfààní bá wọ ìlú báyìí, kì í mọ níbi tó kọ́kọ́ bọ́ sí. Ẹnìkan rí i pé aládùúgbò òun ti Òṣogbo dé Berlin, ọkàn rẹ̀ kò sì ní gbà pé iṣẹ́ aláìríkanṣe ni eré mọ́. Iyì tí iṣẹ́ náà gbà ní ìlú yẹn wà lára ohun tó mú kí òbí fi ọmọ sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ òbí ṣì kọ̀.

Báwo ni ilé ẹgbẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an? Ọmọ tuntun kì í kọ́kọ́ gba ipa kankan. Yóò gbá ilẹ̀, yóò pọnmi, yóò ru àpótí aṣọ, yóò kan pákó ìtàgé, yóò bá wọn gbé jẹnẹrétọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ní ọ̀sán, ẹgbẹ́ yóò wọ bọ́ọ̀sì kiri ìgboro pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, wọn yóò máa lùlù, wọn yóò máa kéde eré alẹ́. Ọmọ tuntun wà nínú ọkọ̀ yẹn, ibẹ̀ ni ojú ti máa ń kúrò lára rẹ̀. Ní alẹ́, yóò dúró sí ẹ̀gbẹ́ ìtàgé, yóò máa wo eré kan náà títí tí yóò fi mọ ọ̀rọ̀ gbogbo èèyàn inú rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹnìkan bá ṣàìsàn ni wọ́n yóò tì í síwájú.

Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kì í kọ eré wọn sílẹ̀. Ọ̀gá yóò sọ ìtàn náà, yóò pín ipa, yóò sọ ohun tí ìran kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ bí. Oníkálùkù ni yóò wá ọ̀rọ̀ tí yóò sọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ìlú dé ìlú, ọ̀rọ̀ tó bá pa èrò lẹ́rìn-ín dúró, èyí tí kò bá dùn bọ́ọ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ Adéjọbí mọ irú iṣẹ́ yìí dáadáa. Èyí ló fà á tí ohun tí òṣèré kó ti ilé wá fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀: òwe, oríkì, ẹ̀dà ọ̀rọ̀, bí ìyálé ṣe ń bá ìyàwó sọ̀rọ̀, bí baálẹ̀ ṣe ń dájọ́. Ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá jinlẹ̀ kò ní rí ohun tí yóò sọ. Tí èèyàn bá gbọ́ bí ẹnu àwọn àgbà òṣèré ṣe dùn lórí tẹlifíṣọ̀n, ibi tí wọ́n ti kó o nìyẹn, n kò sì rò pé ilé ìwé kankan tíì rí ohun tó lè rọ́pò rẹ̀.

Òṣèré obìnrin ló máa ń ṣòro rí. Òbí wo ni yóò gbà kí ọmọbìnrin rẹ̀ máa bá agbo ọkùnrin sun ìlú onílùú? Ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá ṣe ni pé wọ́n fẹ́ àwọn òṣèrébìnrin wọn níyàwó. Hubert Ògúndé ọmọ Òsósà ló mú un gbajúmọ̀ jù. Abíọ́dún ìyàwó Ládiípọ̀ ló ń ṣe Ọya nínú Ọba Kò So. Grace ìyàwó Adéjọbí di òṣèré tí èrò mọ̀ sí Ìyá Òṣogbo. Ètò yìí so ẹgbẹ́ ró, nítorí ìyàwó kì í tètè kó ẹrù rẹ̀ lọ bí ọmọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó tún fi iṣẹ́ obìnrin sábẹ́ ilé ọkọ, tó fi jẹ́ pé bí ọ̀gá bá kú, ilé àti iṣẹ́ dà rú pọ̀. A kò gbọ́dọ̀ fojú fo ìyẹn nígbà tí a bá ń yin àwọn baba wọ̀nyí. Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ tún ti ń bọ́ sídìí iṣẹ́. Pẹ̀jú Ògúnmọ́lá, ọmọ Kọ́lá, di òṣèré. Sunday Ọmọbọ́láńlé, Pápì Lùwẹ́, ló fẹ́ ẹ. Ṣùnkànmí, ọmọ Ọmọbọ́láńlé, náà di òṣèré àti olùdarí.

Ọ̀nà kejì tí ẹgbẹ́ fi ń rí ọmọ iṣẹ́ ni pé ó kàn kọjá nínú ìlú. Jimoh Aliu, Àwòrò, dàgbà sí Òkè-Mẹ̀sí tí Ògúnmọ́lá ti wá. Ẹni tó bá ń fi ibi tí wọ́n bí èèyàn sí wádìí nìkan, yóò rò pé ọmọ iṣẹ́ Ògúnmọ́lá ni. Ẹgbẹ́ Akin Ògúngbè ló wá ṣeré ní Òkè-Mẹ̀sí ní 1959, Aliu sì bá wọn lọ. Ó lo bí ọdún méje, ó dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1966, ó wọ iṣẹ́ ológun, ó sì padà sídìí eré lẹ́yìn náà. Nínú Àrélù tó ṣe fún tẹlifíṣọ̀n ni Òjó Arówóṣafẹ́ ti di Fádèyí Olóró.

Tẹlifíṣọ̀n dé Ìbàdàn ní October 31, 1959, ó sì nílò ohun tí yóò máa fi hàn ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn tó ní eré nílẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ arìnrìn-àjò. Ògúnmọ́lá, Ládiípọ̀, Adéjọbí, àti Moses Ọláìyá ọmọ Iléṣà tí a mọ̀ sí Bàbá Sàlá, gbogbo wọn ló kó ẹgbẹ́ wọn síwájú kámẹ́rà. Kóòtù Aṣípa ti Adéjọbí jẹ́ èyí tí ọ̀pọ̀ ìdílé kì í pàdánù. Owó tẹlifíṣọ̀n kò pọ̀, àmọ́ ojú tó ń wò ó pọ̀. Ẹni tí wọ́n bá rí lórí tẹlifíṣọ̀n ní ọjọ́ Àìkú, gbọ̀ngàn yóò kún fún un ní ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀. Ibẹ̀ náà ni orúkọ eré ti ń gbé orúkọ àbísọ mì.

Ti sinimá gba ọ̀nà mìíràn. Ọ̀gá ẹgbẹ́ mọ eré, kò mọ kámẹ́rà. Nínú ẹgbẹ́ alárìnjó, ìyẹn ẹgbẹ́ eré tó ń rìn kiri, kò sí ẹni tí à ń pè ní olùdarí. Ọ̀gá ló ń darí, òun ló ń ṣe ipa tó tóbi jù, òun ló ni ọkọ̀. Ìgbà tí fíìmù dé ni iṣẹ́ olùdarí yà sọ́tọ̀. Adéyẹmí Afọláyan, Adé Love, ọmọ Agbamu ní Kwara, jáde nínú ẹgbẹ́ Bàbá Sàlá, ó sì gbé Ọlá Balógun tó mọ sinimá wá láti darí Àjàní Ògún ní 1976. Wọ́n tún ṣe Ìjà Òmìnira ní 1979. Nígbà tó máa fi di Kádàrá ní 1980, Adé Love fúnra rẹ̀ ti ń darí. Ó ti kọ́ ọ lójú iṣẹ́, bí ó ṣe kọ́ eré. Agbamu kéré sí Òṣogbo púpọ̀, síbẹ̀ láti agbo ilé kan ṣoṣo níbẹ̀ ni Tóyìn Afọláyan, Lọlá Ìdíjẹ, àbúrò Adé Love, ti jáde, àti àwọn ọmọ Adé Love: Mojí, Kúnlé, Àrẹ̀mú àti Gabriel.

Owó ló ba ti sinimá jẹ́. Fíìmù gidi, òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́, owó òyìnbó ni wọ́n sì ń san. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ ní àárín ọdún 1980 sí 1989, kò sí ọ̀gá ẹgbẹ́ tó lè gbé e mọ́. Àwọn olè afọwọ́rá náà kò jẹ́ kí èyí tí wọ́n ṣe mówó wọlé. Ohun tí wọ́n fi fíìmù Ọ̀run Móoru ti Bàbá Sàlá ṣe dun gbogbo ẹgbẹ́ títí dòní. Fídíò wọlé wá rọ́pò rẹ̀. Owó rẹ̀ kéré, kò sì nílò gbọ̀ngàn tàbí ìrìn àjò. Túndé Kèlání, tí wọ́n tọ́ ní Abẹ́òkúta, ti wo eré àwọn alárìnjó láti kékeré, ó sì ti ṣiṣẹ́ kámẹ́rà ní tẹlifíṣọ̀n, ó kọ́ sinimá ní London. Nígbà tó darí Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ ní 1993, Kareem Adépọ̀jù ló wà níwájú kámẹ́rà. Ní 1999, Kọ́lá Oyèwọ̀ ló gbé adé Lápitẹ́ wọ̀ nínú Ṣaworoidẹ. Ìtọ́ni Adéjọbí ní Òṣogbo àti kámẹ́rà tí wọ́n kọ́ nílùú òyìnbó ló pàdé nínú àwọn fíìmù wọ̀nyẹn. Ohun tó mú wọn dára tó bẹ́ẹ̀, lójú tèmi, nìyẹn.

Fídíò náà ló tú ilé ẹgbẹ́ ká. Nígbà tí kò sí ìrìn àjò mọ́, kí ni ọ̀gá fẹ́ fi ogún ọmọ iṣẹ́ ṣe nínú ilé? Òṣèré bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá àwọn tó ní lokéṣọ̀n, ibi tí wọ́n ti ń ya fíìmù, ní Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Ọmọ iṣẹ́ ṣì wà, ọ̀gá ṣì wà, wọ́n ṣì ń ṣe fúrídọ̀mù, àmọ́ ọ̀pọ̀ ń sùn sílé ara wọn, lokéṣọ̀n nìkan ni wọ́n ti ń pàdé. Ìdí nìyẹn tí Òṣogbo kò fi sí níwájú mọ́ bíi ti àtijọ́.

Kúnlé Afọláyan, tí wọ́n bí sí Èkó, kọ́ abúlé fíìmù sí Ìgbójayè ní Òkè-Ògùn, ibẹ̀ ló sì ti ya Aníkúlápó tó jáde ní 2022. Bíi ti ilé ẹgbẹ́ àtijọ́, ilé wà níbẹ̀ tí òṣèré lè sùn sí fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, iṣẹ́ wà fún káfíńtà, aránṣọ àti alásè tí wọ́n jẹ́ ará àdúgbò, àwọn ọmọdé ìlú náà sì ń wo bí wọ́n ṣe ń ya ìran kan léraléra.