Tíjọba bá ti pariwo "ààbò ìlú", ṣé ó ti parí nìyẹn?

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé tí ìjọba bá ti lè dárúkọ ààbò ìlú báyìí, wọ́n lè pa ẹnu ẹnikẹ́ni mọ́. Irọ́ ni o. Abala 39 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fún kálukú lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ èrò ọkàn ẹ̀, abala 45 wá ní wọ́n lè dín in kù nítorí ààbò, ìlera àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn máa ń kà dé. Wọn kì í ka èyí tó ní òfin ló gbọ́dọ̀ dín in kù, òfin tó bójú mu nílùú tó ń ṣe ìjọba tiwantiwa. Ọ̀rọ̀ ẹnu mínísítà kì í ṣe òfin.

Ẹ wo June 2021. Twitter (tó ń jẹ́ X báyìí) yọ ọ̀rọ̀ tí Buhari, ààrẹ ìgbà yẹn, kọ kúrò, kò pẹ́ ni ìjọba kéde pé àwọn ti dá Twitter dúró, NCC, àjọ ìjọba tó ń darí àwọn iléeṣẹ́ fóònù, ní kí MTN, Airtel àtàwọn yòókù dí i, wọ́n sì dí i. Mínísítà ètò ìdájọ́ tún ní kí wọ́n gbé ẹni tó bá ṣì ń lò ó lọ sí kóòtù. Ẹ̀sùn wo ni wọ́n fẹ́ fi kàn án? Abala 36(12) sọ pé wọn ò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi àfi tí òfin bá ti kọ ẹ̀ṣẹ̀ yẹn àti ìyà ẹ̀ sílẹ̀, kò sì sí òfin kankan tó ní ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn lo Twitter. Ìlà kékeré yẹn lágbára gan-an.

Ká tiẹ̀ ní òfin wà, ó tún kù: ṣé ohun tí wọ́n ṣe ò ju ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ? Wọn kì í torí ọlọ́jà kan tó ta ayédèrú oògùn ti gbogbo ọjà pa, kí alátà, alábàárù, ìyá tó ń ta mọ́ínmọ́ín, gbogbo wọn wá máa lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Ìpanumọ́ tó tọ́ wà lóòótọ́: òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 ò gbà kí wọ́n gbé orúkọ ọmọ tó ń jẹ́jọ́ jáde, ohun kékeré ló dí, ọmọ yẹn ló sì dáàbò bò.

Ibi tí ètò òfin tó ń dáàbò bò wá yìí kù sí ni pé ó lọ́ra jù. Ní June 2021 yẹn náà ni kóòtù ECOWAS, ìyẹn ti àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ti ní kí wọ́n má mú ẹnikẹ́ni torí pé ó lo Twitter, ṣùgbọ́n Twitter ṣì wà ní dídí, January 2022 nìjọba tó ṣí i, July ọdún yẹn ni kóòtù ECOWAS náà tó dájọ́ pé dídí tí wọ́n dí i ò bófin mu rárá. Ìdájọ́ gidi ni, àmọ́ ó yẹ kó ti wáyé nígbà tí ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì.