Ògún Alákòrò ló kọ́kọ́ dé Akoto

Alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan wà, ATV ni wọ́n ń pè é, tí àwọn olówó fi ń ṣeré nínú igbó àti lórí iyanrìn. Àwọn tó ń kọ ìtàn òfin ààbò rẹ̀, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Oǹdó ni mí, ọmọ ìlú tó ń bọ Ògún lọ́dọọdún. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tó yẹ.

Ta ló kọ́kọ́ gba ibi tí kò sí ọ̀nà? Nígbà tí àwọn òrìṣà ń bọ̀ wá sílé ayé, igbó dí wọn lọ́nà, Ògún ló fi irin lànà. Ṣé ẹ rántí oríkì rẹ̀? Lọ́jọ́ tó ń ti orí òkè bọ̀, aṣọ iná ló mú bora, ẹ̀wù ẹ̀jẹ̀ ló wọ̀. Ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, tí kò fi ara sílẹ̀ lásán, ṣé Honda ló kọ́ ọ ni? Orí rẹ̀ náà kò ṣófo. Alákòrò là ń pè é, àkòrò ló ń dé. Tèmi ni pé ibẹ̀ ni akoto ti ṣẹ̀.

Akoto yìí náà, igbá tó jinnú ni kó tó di nǹkan tí ọlọ́kadà ń dé. Nígbà tí Road Safety ní kí gbogbo ọlọ́kadà dé e láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2009, àwọn kan gbé igbá borí, ayé ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. Èmi ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìpilẹ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n padà sí. Pé igbá ń fọ́, ìyẹn ọ̀rọ̀ mìíràn.

Àwọn ará Ìrè á ní àwọn ló ni Ògún. Àwọn àgbà ti dá wọn lóhùn: Ìrè kì í ṣe ilé Ògún, ẹmu ló yà mu níbẹ̀. Àwọn kan tiẹ̀ ní ẹmu ló wà lójú rẹ̀ tó fi ṣá àwọn èèyàn rẹ̀ pa. Òfin má-mutí-gùn-ún, ẹ ti rí ìdí rẹ̀.

Ti Amẹ́ríkà kò gùn. Ní 1970, Honda gbé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ṣíwájú ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin yìí jáde, oníṣòwò alùpùpù ń wá nǹkan tí yóò máa tà nígbà òtútù. Táyà ẹ̀yìn méjèèjì wà lórí irin kan, wọ́n jọ ń yí pọ̀. Ẹni tí kò bá mọ bí a ṣe ń fara tẹ̀ síbi tó fẹ́ yà, ó máa ń dojú dé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí èèyàn má gbé èrò sẹ́yìn, kó má sì gùn ún lórí títì. Ọmọdé kú púpọ̀. Ní 1988, ìjọba Amẹ́ríkà àti àwọn tó ń ṣe é fẹnu kò nílé ẹjọ́: ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tuntun kò gbọdọ̀ wọ ọjà mọ́, wọn kò sì gbọdọ̀ ta ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó tóbi fún ọmọ tí kò tíì pé 16 láti gùn. Ọdún yẹn náà ni wọ́n dá Road Safety tiwa sílẹ̀.

Lọ́nà oko kòkó lẹ́bàá Oǹdó, mo rí ọlọ́kadà kan tó di àpò kòkó méjì sẹ́yìn, sílípáàsì lẹ́sẹ̀, akoto ń fì lọ́wọ́ ọ̀kadà. Mo bi í pé kí ló dé tí kò dé e.

"Ẹ̀gbọ́n, Road Safety kì í débí."