Tí kóró ẹpọ̀n ọmọkùnrin kò bá sọ̀ kalẹ̀

Inú ikùn, nítòsí kíndìnrín, ni kóró ẹpọ̀n ọmọkùnrin ti ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tó ṣì wà nínú oyún. Láti bí oṣù keje ni méjèèjì ń gba ibi tí itan ti pàdé ikùn sọ̀ kalẹ̀ sínú àpò ẹpọ̀n. Nínú ọmọkùnrin 100 tí oṣù wọn pé, bíi 3 ni wọ́n ń bí tí ọ̀kan tàbí méjèèjì kò tíì débẹ̀. Láàárín àwọn tí oṣù wọn kò pé, ó lè tó 30.

Àpò náà fi nǹkan bíi digírì 2 sí 4 tutù ju inú ara lọ. Ooru inú ikùn a máa ba ohun tí yóò di àtọ̀ lọ́jọ́ iwájú jẹ́ díẹ̀díẹ̀, láti ọdún àkọ́kọ́ ọmọ. Kóró tó há sókè tún lè lọ́ mọ́ra, jẹjẹrẹ sì lè tètè mú un lágbà ju èyí tó sọ̀ lọ.

Ibi ìwẹ̀ ló dára jù láti yẹ̀ ẹ́ wò. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ tí ìyá àgbà fi ń wẹ ọmọ ní Òṣogbo máa ń jẹ́ kí àpò náà dẹ̀, ọwọ́ á sì kan kóró méjèèjì. Ti ọmọ mìíràn a máa sá gòkè bí òtútù bá mú un, a sì padà wálẹ̀ bí ara bá móoru. Ìyẹn kò fẹ́ iṣẹ́ abẹ, àmọ́ kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún, torí ó lè há sókè nígbà tó bá yá.

Ọ̀pọ̀ èyí tó pẹ́ á sọ̀ fúnra rẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan. Tí oṣù 6 bá ti pé, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ìrètí mọ́. Kò yẹ kí ìyá dúró di ìgbà àjẹsára oṣù 9 kó tó fi han nọ́ọ̀sì. Kí wọ́n kọ ìwé fún un lọ bá dókítà tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ ọmọdé, bóyá ní UNIOSUN Teaching Hospital tàbí ní ilé ìwòsàn OAU ní Ilé-Ifẹ̀. Àgbo àti ìwọ́ra kò lè fà á wálẹ̀. Síkáànù pàápàá kì í sábà yí ohun tí dókítà máa ṣe padà, nítorí ó lè má rí kóró tó wà nínú ikùn. Kí òbí fi owó náà wọ mọ́tò lọ bá oníṣẹ́ abẹ.

Kí ọmọ tó pé oṣù 18 ni iṣẹ́ abẹ náà dára jù. Wọ́n á fi oògùn kùn ún lóorun, wọ́n á là á díẹ̀ lókè itan, wọ́n á tú okùn tó so kóró náà rọ̀, wọ́n á gbé e sínú àpò, wọ́n á sì rán an mọ́ ibẹ̀. Bí ìpá bá wà níbẹ̀, tí ihò tí kóró gbà wálẹ̀ kò sì tíì dí, wọ́n á dí i lẹ́sẹ̀ kan náà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ń padà sílé lọ́jọ́ yẹn. Èyí tí ọwọ́ kò kàn rárá ni wọ́n ń fi kámẹ́rà tín-ín-rín wá láti ìdodo. Bí iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá kúrú, iṣẹ́ abẹ náà lè di ẹ̀ẹ̀mejì.

Kí wọ́n tó dábẹ́ fún ọmọkùnrin èyíkéyìí, ohun tó yẹ kí olólà àti nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ wò ni ojú ihò ìtọ̀. Ọmọ mìíràn wà tí ihò náà wà lábẹ́ okó, tí kò sí ní ṣóńṣó rẹ̀. Wọn kò gbọ́dọ̀ dábẹ́ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kẹjọ, ohun yòówù kí ẹbí sọ. Adọ̀dọ́, ìyẹn awọ tí wọ́n ń gé níbi ìdábẹ́, gan-an ni dókítà máa fi tún ọ̀nà ìtọ̀ ṣe, bí wọ́n bá sì ti gé e dà nù, àtúnṣe á le gan-an.

Bí kóró méjèèjì kò bá sí níbẹ̀, yálà ihò ìtọ̀ wà ní àyè rẹ̀ tàbí kò sí, ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ti ká máa dúró. Ó lè jẹ́ pé ọmọbìnrin ni nínú, tí ẹ̀yà ara òde jọ ti ọkùnrin, nítorí ẹṣẹ́ tó wà lórí kíndìnrín ń pèsè họ́móònù ọkùnrin lápọ̀jù, nígbà mìíràn kò sì ní lè pèsè họ́móònù tó ń di iyọ̀ mú nínú ara. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè máa bì, kí omi ara rẹ̀ gbẹ, kó sì kú láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń fi hàn, oògùn sì wà fún un. Ọjọ́ tí wọ́n bá rí i ni kí wọ́n gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn, kí wọ́n má dúró de ìsọmọlórúkọ.