"Ṣebí wọn kì í béèrè nótárì ní Maryland?": ọ̀rọ̀ ìwé ọkọ̀ àlòkù láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn

Àbúrò mi kan ra Sienna àlòkù ní York, Pennsylvania, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí wọ́n pàdé lórí Facebook. Wọ́n ná an títí ó fi gbà, àbúrò mi ka owó, ọkùnrin náà tẹ́ title, ìyẹn ìwé tó ń fi hàn ẹni tó ni ọkọ̀, sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó buwọ́ lù ú, ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ fún un. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti délé ní Baltimore, Maryland. Nígbà tó lọ forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, obìnrin tó wà ní kántà yí ìwé náà padà, ó fi ìka tọ́ abẹ́ ìbuwọ́lùwé ẹni tó tà á. Ibẹ̀ ló yẹ kí orúkọ nótárì, ìyẹn ẹni tí ìjọba fún láṣẹ láti jẹ́rìí sí ìbuwọ́lùwé, òǹtẹ̀ rẹ̀ àti ọjọ́ wà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣebí wọn kì í béèrè nótárì ní Maryland?" Bó ṣe pariwo lórí fóònù nìyẹn. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn wa, wọn ò sì purọ́: title tí Maryland fúnra rẹ̀ tẹ̀ kò nílò nótárì. Àmọ́ title Pennsylvania ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìpínlẹ̀ tó tẹ ìwé ló ń sọ bí ẹni tó ni ọkọ̀ ṣe máa fi lé ẹlòmíì lọ́wọ́, ibi yòówù kí ẹni tó ń rà á máa gbé.

Nítorí náà, ẹ̀yìn ìwé ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó ka owó. Pennsylvania, Ohio, Kentucky, North Carolina àti Oklahoma wà lára àwọn tó ń béèrè nótárì; Texas, Georgia, New York àti New Jersey kì í béèrè. Bí ẹ bá ti rí àyè nótárì níbẹ̀, ẹni tó ń tà á kò gbọdọ̀ buwọ́ lù ú nílé. Ẹ jọ lọ, kí ó mú káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ dání, kí ẹ sì ti kọ iye owó àti iye máìlì kí òǹtẹ̀ tó balẹ̀. Bí ẹ bá ṣì í kọ, ẹ má fi típẹ́ẹ̀sì kàn án rárá, torí ó lè ba gbogbo ìwé náà jẹ́.

Ó tún ní apá kejì. Ẹni tó gbé title Texas lọ sí Ohio kò ní rí àyè nótárì lórí rẹ̀, kò sì yẹ kó wá a. Ṣùgbọ́n Ohio máa ní kí ẹni tó rà á búra lórí fọ́ọ̀mù tirẹ̀, wọ́n á sì yẹ nọ́ńbà ara ọkọ̀ wò. Maryland pàápàá ń béèrè nótárì nígbà mìíràn: bí ọkọ̀ kò bá tíì pé ọdún 7, tí iye tí ẹ rà á sì fi $500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kéré sí iye tó wà nínú ìwé ìdíyelé ọkọ̀, ìwé ẹ̀rí títà ló gbọ́dọ̀ ní òǹtẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì lẹ ó sì buwọ́ lù ú.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti àwọn tó gbà pé òǹtẹ̀ nótárì ti wẹ ọkọ̀ mọ́. Nílé, lọ́yà ni nótárì, Adájọ́ Àgbà Nàìjíríà ló sì ń yàn án, a sì gbé ọ̀wọ̀ yẹn dé Amẹ́ríkà. Akọ̀wé báǹkì lè jẹ́ nótárì níbí. Ẹni tó wá buwọ́ lùwé níwájú rẹ̀ nìkan ni nótárì mọ̀. Kò yẹ ẹ́ńjìnnì wò, kò sì béèrè bóyá gbèsè báǹkì ṣì wà lórí ọkọ̀. Ìyẹn, ẹ̀yin lẹ ó wádìí rẹ̀.

Ti àbúrò mi, ọkùnrin York yẹn ní láti bẹ̀rẹ̀ fún ẹ̀dà title tuntun, ó sì pẹ́ kó tó gbé fóònù. Ní gbogbo àkókò yẹn, Sienna wà níwájú ilé láìní nọ́ńbà, àbúrò mi sì ń wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́.