Ta Ló Sanwó Iná Tí Ọmọ Yín Ń Yá?

Bí Alhaja ṣe ṣí báàgì ọmọ náà ni òórùn kánfọ̀ gba gbogbo yàrá. Aṣọ òtútù, fìlà, ìbọ̀sẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ti ń bá kánfọ̀ sùn nínú àpótí láti ìgbà tí oyún ti pé oṣù márùn-ún. Ọmọ ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n gbé wá bá wa láti Pákátà, ọkùnrin, ara rẹ̀ ti dà bí ìbẹ́pẹ tó pọ́n, kò sì fẹ́ mu ọmú mọ́. A bọ́ gbogbo aṣọ náà lára rẹ̀, a gbé e sábẹ́ iná.

Lọ́jọ́ kejì, dókítà kan tó ń ṣe ìwádìí lórí irú ibà pọ́njú yìí wá bá wọn. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta péré ló fẹ́ gbà ní gìgísẹ̀ ọmọ, kí ó kán an sórí bébà. Ó ṣàlàyé, ó na fọ́ọ̀mù sí ìyá ọmọ. Ìyá ọmọ ò tíì fọwọ́ kan bírò tí Alhaja, ìyá ọkọ rẹ̀, fi dìde. "Ẹ̀jẹ̀ ọmọ wa kọ́ ni ẹ máa tà fún òyìnbó o. Ọmọ wa kì í ṣe òkété tí wọ́n fi ń dán oògùn wò."

Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà, mi ò fèsì. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kẹta rèé láàárín oṣù kan tí mo ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ọdún 23 sì ni mo ti fi ṣe nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí, ẹ jẹ́ kí n fèsì lónìí. Alhaja, iná tí ọmọ yín ń yá yẹn, ọmọ ta ni wọ́n kọ́kọ́ gbé sábẹ́ rẹ̀? Ta ló sanwó?

Mi ò ní máa ṣàlàyé ohun tí ibà pọ́njú jẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ti bímọ rí ní Ìlọrin, ìbáà ṣe Àdètà, ìbáà ṣe Tánkẹ̀, ti rí i lára ọmọ tirẹ̀ tàbí ti aládùúgbò. Iná yẹn ni ẹ ò mọ ìtàn rẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn Rochford, ní agbègbè Essex nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ọ̀sì kan wà lọ́dún 1956 tí wọ́n ń pè ní Sister Ward. Òun ló ń bójú tó àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé. Bí oòrùn bá ti yọ, ó máa ń gbé wọn jáde sí àgbàlá, ó ní atẹ́gùn àti oòrùn sàn fún wọn ju ooru inú yàrá lọ. Lọ́jọ́ kan, ó ṣí aṣọ lára ọmọ kan níwájú àwọn dókítà. Gbogbo ara ọmọ ti mọ́, àfi ibì kan onígun mẹ́ta tó ṣì pọ́n. Dókítà bi í pé kí ló fi kun ọmọ lára. Ó ní òun ò fi nǹkan kan kùn ún, ibi tí igun aṣọ bò ni oòrùn ò dé. Kò pẹ́ sígbà náà, wọ́n gbàgbé ìgò ẹ̀jẹ̀ ọmọ kan sójú fèrèsé tí oòrùn ń pa. Nígbà tí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò, ohun tó ń mú ojú ọmọ pọ́n ti wálẹ̀ gan-an nínú rẹ̀. Lọ́dún 1958 ni dókítà Richard Cremer àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kọ ọ́ jáde, pẹ̀lú iná tí wọ́n ti ṣe.

Nọ́ọ̀sì ló rí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: nọ́ọ̀sì ni. Àwọn dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́, tí wọ́n bá gbé yàyà wọ yàrá wa, ìtàn yìí ni mo fi ń kí wọn káàbọ̀, kí a lè tètè mọ ara wa.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ti ń rẹ́rìn-ín báyìí: "Oòrùn àárọ̀ tí ìyá àgbà ní ká máa gbé ọmọ sí náà kọ́ nìyẹn?" Ẹ farabalẹ̀. Ibẹ̀ yẹn gan-an ni ọmọ ti ń bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Bí ẹ̀jẹ̀ tó ti gbó bá fọ́ lára ọmọ tuntun, ohun kan máa ń jáde nínú rẹ̀ tí à ń pè ní bilirúbìn. Òun ló ń pọ́n lójú. Ẹ̀dọ̀ ọmọ kò tíì gbó tó láti palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Bí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù bá wọ awọ ara ọmọ, ó máa ń yí bilirúbìn yìí padà, tí yóò fi lè bá ìgbẹ́ àti ìtọ̀ jáde láìdúró de ẹ̀dọ̀. Ìmọ́lẹ̀ yẹn wà nínú oòrùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò dá wà níbẹ̀: èyí tó ń jó awọ wà níbẹ̀, ooru tó ń mú ara ọmọ gbóná kọjá ààlà wà níbẹ̀. Bí ẹ bá sì ní torí ìyẹn, ẹ ó gbé e sí oòrùn aago méje fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tòun ti fìlà àti ìbọ̀sẹ̀, nígbà ọyẹ́ tí eruku ti bo ojú sánmà, kí lẹ fún un? Tiwa, ìhòòhò ni, ojú nìkan là ń bò, tọ̀sántòru ni, a sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lemọ́lemọ́ ká lè mọ̀ bóyá ó ń wálẹ̀ àbí ó ń gòkè.

Owó ló wà láàárín "oòrùn dáa" àti "irú ìmọ́lẹ̀ báyìí, fún wákàtí báyìí, fún ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dé ibi báyìí". Lẹ́yìn tí Sister Ward ti rí tirẹ̀, ó di ọdún 1968 kí dókítà Jerold Lucey àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Vermont, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, tó pín àwọn ọmọ tí oṣù wọn ò pé sí ọ̀nà méjì, tí wọ́n gbé àwọn kan sábẹ́ iná, tí wọ́n sì fi ìyàtọ̀ han ayé. Ọdún 12. Ẹnìkan ń san owó nọ́ọ̀sì, owó ẹ̀rọ, owó àyẹ̀wò. Àwọn ìyá kan sì gbà. Ọmọ tiwọn ni wọ́n kọ́kọ́ gbé síbẹ̀, Alhaja, kí ó tó kan tiwa.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó wà nítòsí ilé. Iná búlúù, iná ìjọba ló ń jẹ, ẹ sì mọ bí iná ìjọba ti rí. Dókítà Tina Slusher láti Amẹ́ríkà àti dókítà Bọ́lájókò Olúsànyà tiwa níbí, pẹ̀lú àwọn mìíràn, wá ronú sí i: bí a bá ta nǹkan bí àtíbàbà, tí a fi ọ̀rá àkànṣe bò ó, ọ̀rá tó máa dá èyí tó ń jó awọ dúró, tó máa dín ooru kù, tó sì máa jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ búlúù kọjá ńkọ́? Wọ́n dán an wò ní Èkó, wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2015. Ó ṣiṣẹ́ bí iná. Ni wọ́n bá gbé e wá sí Ògbómọ̀ṣọ́, ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Bowen, fún àwọn ọmọ tí tiwọn le jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí sì jáde lọ́dún 2018. Ògbómọ̀ṣọ́ tí a ń wọkọ̀ lọ tí a ń wọkọ̀ bọ̀! Ibo lowó ti wá? Àjọ kan tó ń jẹ́ Thrasher Research Fund, ní ìlú Salt Lake City nílẹ̀ Amẹ́ríkà, àti àjọ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà. Ará Salt Lake City tí kò mọ Òtè yàtọ̀ sí Ẹyẹnkọ́rìn ló sanwó kí ọmọ wa má baà yarọ nítorí pé iná lọ.

Ṣùgbọ́n àwọn ìbéèrè kan wà tí kò lè jẹ wọ́n lógún ní Salt Lake City láéláé. Kánfọ̀ ni mo ń sọ. Èròjà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ G6PD. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá tó, bí kánfọ̀ bá kàn án, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ wòròwòrò. Láàárín àwọn ọkùnrin wa, bíi ẹnìkan nínú márùn-ún ló wà nínú irú ẹ̀, kò sì hàn lójú. Láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn dókítà UCH Ìbàdàn ti ń tú ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀wò. Títí di òní, aboyún ṣì ń ra kánfọ̀ pẹ̀lú aṣọ ọmọ ní Ọjà Ọba, àwọn tó ń tà á sì ń fi ẹ̀bùn rẹ̀ lé e. Ṣé bí a bá yẹ ẹ̀jẹ̀ gbogbo ọmọkùnrin wò lọ́jọ́ ìbí, a ó rí àwọn tó wà nínú ewu kí ojú tó pọ́n? Èló ni yóò náni ní Kwara? Bí a bá sọ ọ́ fún aboyún lẹ́ẹ̀kan péré ní kíl̀íníìkì, ṣé wọ́n á gbọ́, àbí ìyá ọkọ ló yẹ ká pè? Kò sí òyìnbó tó máa wá bá wa béèrè ìyẹn.

Lọ́dún 2001, àwọn olórí Áfíríkà péjọ sí Àbújá níbí, wọ́n ní ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìṣúná owó ni àwọn ó máa yà sọ́tọ̀ fún ìlera. Àwa tí a gbàlejò wọn, a ò tíì dé ibẹ̀ rí. Bí ìlera fúnra rẹ̀ ò bá rí owó, kí ni ìwádìí máa rí? Ìwádìí ìlera láti ilé dé ilé tó sọ fún wa pé ọmọ 41 nínú 1,000 tí a bí láàyè ni kì í pé oṣù kan, èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 2023 sí 2024, Amẹ́ríkà ló máa ń ṣonígbọ̀wọ́ irú rẹ̀ káàkiri ayé tẹ́lẹ̀. Ti ọdún 2018, 39 ni. Ẹ ò rí i pé a ò tẹ̀ síwájú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, Amẹ́ríkà fòpin sí ètò náà, owó wọn ni, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́. Àbí ta ló yẹ kó máa bá wa ka òkú ọmọ wa?

Mo fẹ́ dúró síbí, àmọ́ ọmọ kan ò kúrò lọ́kàn mi. Abúlé kan lọ́nà Òmù-Àrán ni wọ́n ti gbé e wá, ó ti di ọdún mẹ́fà. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó kọ́ṣẹ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà aládàáni, tó wá ń pe ara rẹ̀ ní nọ́ọ̀sì nínú yàrá kan tó yá. (Inú mi ò dùn sí orúkọ yẹn lẹ́nu wọn. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi gba tèmi, pẹ̀lú ìdánwò.) Ó ní kí wọ́n máa gbé ọmọ sóòrùn, kí wọ́n máa fún un ní omi glúkóòsì, kí wọ́n sì kán ampiclox sí i lẹ́nu. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe é tọkàntọkàn. Ìyá ọmọ ò ṣọ̀lẹ, ó ń jí ní kùtù láti tẹ́ ẹní. Nígbà tí wọ́n máa dé ọ̀dọ̀ wa, ọmọ ti tẹ ẹ̀yìn bí ọrun, igbe rẹ̀ ti yí padà: bilirúbìn ti wọ ọpọlọ rẹ̀. A pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lóru ọjọ́ náà. Ó yè. Àwọn òbí ń jó, wọ́n ń dúpẹ́, èmi ò lè jó. Ní ọdún tó kọjá ìyá rẹ̀ gbé e wá kí mi. Mo pe orúkọ ọmọ láti ẹ̀yìn, kò wojú mi. Mo pàtẹ́wọ́. Ìyá rẹ̀ ní, "Mátíróònù, kì í gbọ́ o, a ti ń gbàdúrà sí i."

Nínú fáìlì ọmọ yẹn, kò sí ibì kankan tí wọ́n kọ G6PD sí. A ò ní ohun tí a fi máa yẹ̀ ẹ́ wò nígbà náà. Mi ò lè sọ fún ìyá rẹ̀ ohun tó fọ́ ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì ti lóyún mìíràn.

Ọmọ Pákátà ti lọ sílé. Lálẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n lọ, Alhaja ti lọ kírun Ìṣáì, ìyàwó sún mọ́ tábìlì mi jẹ́jẹ́. "Anti, fọ́ọ̀mù ọjọ́sí yẹn, ṣé ẹ ṣì ní in?" Mo ní i nínú dúrọ́ọ̀. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó bi mí ní ìbéèrè méjì tó mọ́gbọ́n dání, ó fọwọ́ sí i. Mo pe dókítà. Ẹ̀kán mẹ́ta.

Bébà náà ṣì wà nínú fìríìjì pẹ̀lú ti àwọn ọmọ mìíràn. Owó oṣù dókítà ni wọ́n fi ra kẹ́míkà ìṣáájú tí wọ́n fi ń yẹ G6PD wò, ó sì ti tán.